Ọ̀dà Náà Ní Èèwọ̀

Nílé wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, Òrìṣàńlá là ń sìn. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi epo pupa bọ ọ́, òrí ni. A kì í sì í gbé ẹmu dé iwájú rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ti mọ èyí kó tó mọ̀wé kà. Ohun tí èmi bàbá rẹ̀ ò mọ̀ ni pé ọ̀dà náà lè ní èèwọ̀.

Ọmọ yìí fẹ́ràn kó máa to bàlúù oníke. Ẹ̀yọ ẹ̀yọ ni wọ́n ń wà nínú páálí. Á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, á wá kùn wọ́n bíi ti gidi. Spitfire, bàlúù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bá Hitler jà, ló rà lọ́tẹ̀ yìí, oṣù mẹ́ta ló fi tọ́jú owó rẹ̀. Ìwọ̀n 1/72 ni. Apá bàlúù gidi ju mítà 11 lọ láti ìkángun kan dé èkejì. Tirẹ̀ ò tó sẹ̀ǹtímítà 16.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀dà acrylic tó fẹ́ fi kùn ún ki jù. Airbrush, irinṣẹ́ bíi gègé tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà, ò lè tú u jáde. Ọmọ ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ara ìgò rẹ̀ ná."

Mo ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ níṣẹ́ ọ̀dà? Èmi tí mo kun ilé n'Íbàdàn!" Mo gbé ìgò sípírítì, mo dà á sí i. Kíá, ọ̀dà ṣe kókó bí ẹ̀kọ tí wọn ò rò dáadáa. Mo tún fi agídí fọ́n ọn, ló bá tu kókó náà sára apá bàlúù. Ọmọ ò sọ nǹkan kan. Ó wọ yàrá lọ, kò jáde wá jẹun alẹ́.

Lóru ni mo tó jókòó kà nípa rẹ̀. Gbogbo ọ̀dà tó ń jẹ́ acrylic kọ́ ló ń mu ohun kan náà. Ti Tamiya láti Japan, ọtí ti wà nínú rẹ̀. Tínà tirẹ̀ tàbí sípírítì isopropyl bá a lára mu. Ti Vallejo láti Spéènì, olómi ni. Tínà tirẹ̀ tàbí omi tó mọ́ ló ń fẹ́, sípírítì á mú un dì. Irú olómi ni tiwa.

Ẹ̀yin ẹbí, ojú tì mí. Ẹmu ò kàn mí lẹ́nu láti ọjọ́ tí mo ti gba òrìṣà, gbogbo wa la sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹmu bá Òrìṣàńlá nídìí iṣẹ́ amọ̀. Èmi náà ni mo gbé ọtí fún ọ̀dà tí kì í mutí. Àìmọ̀ kọ́ ló dùn mí, àìbéèrè ni. Ká tó bọ òrìṣà, a máa ń béèrè ohun tó ń jẹ. Ohun tí mo kọ́ ọmọ yìí ló ṣe, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní, "Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ó wò mí títí, ó ní, "Bàámi, kò tíì bàjẹ́ tán." A rẹ òwú sínú sípírítì kan náà, a fi nu apá bàlúù, gbogbo ọ̀dà sì ṣí kúrò, ike rẹ̀ ò ní nǹkan kan. Sípírítì níṣẹ́ tirẹ̀, èmi ni mo rán an níṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọmọ wá bu ọ̀dà tuntun sínú ife kékeré, ó ń kán tínà rẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń rò ó, títí ó fi rí bíi mílíìkì. Ó yí ife: ọ̀dà ṣàn wálẹ̀, ó fi àwọ̀ fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lára ife. Tó bá ṣàn bí omi, ó ti pọ̀ jù nìyẹn, á kàn máa ro ni. A kọ́kọ́ dán an wò lára ṣíbí oníke. Agbára afẹ́fẹ́ ò ju psi 15 sí 20. Ẹ̀ẹ̀kíní fẹ́lẹ́ débi pé a ṣì ń rí ike lábẹ́. Ó gbẹ, a tún un kùn, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì gbé sípírítì sún mọ́ àtùpà ojúbọ o, iná ń ràn án kíákíá.

Bàlúù ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù báyìí. Ojú kan wà lápá òsì rẹ̀ tí kò jọ̀lọ̀ tó ìyókù. Mo ní ká tún un kùn. Ọmọ ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbà.

Òrìṣà á gbè wá o. Àṣẹ.