Kì Í Ṣe Àbúrò Mi Ló Bà Á Jẹ́

Ọmọ ọdún 14 ni mí, London níbí ni wọ́n bí mi sí. Ìtàn láptọ́ọ̀pù ilé wa ni mo fẹ́ sọ, àti bí mo ṣe ṣẹ àbúrò mi nítorí ẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù náà ti gbó díẹ̀. Linux ni Dádì mi fi sí i, torí pé ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ni ẹ̀rọ tó ti pẹ́ lára. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Finland, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991. Láti oṣù kìíní ọdún yìí ni wàhálà wa bẹ̀rẹ̀. Tí a bá tan ẹ̀rọ náà, nígbà mìíràn ibi tí a ti ń kọ orúkọ àti password á jáde dáadáa. Nígbà mìíràn, ojú ẹ̀ á dúdú kirikiri, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìlà kékeré kan tó ń ṣẹ́jú. Tí a bá pa á, tí a tún un tàn, ó lè ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Èyí tó burú jù ni pé tí Dádì bá ti jókòó síwájú ẹ̀, ṣe ló máa ń ṣiṣẹ́. Ó dà bí ọmọ tó ń ṣàìsàn nílé, tó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, á máa sáré kiri.

Mo sọ fún Dádì pé àbúrò mi ló bà á jẹ́. Ọmọ ọdún 9 ni, ó fẹ́ràn géèmù, mo sì ti rí i tó ń tẹ gbogbo nǹkan. Ó bú sẹ́kún: "Sístà mi, èmi kọ́ o!" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Dádì ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù mọ́.

Nígbà ìsinmi àárín táàmù ní oṣù kejì, àbúrò mi lọ lo ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ àǹtí wa ní Manchester. Láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni láptọ́ọ̀pù kọ̀ tí kò ṣí. Àyà mi já. Ta wá ni mo máa dá lẹ́bi báyìí?

Nígbà tó dé, mo ní kó jẹ́ ká jọ wá ìdí ẹ̀. Mọ́mì fún wa ní ìwé kékeré kan. Gbogbo ìgbà tí a bá tan ẹ̀rọ, a máa ń kọ ọjọ́, aago, àti bóyá ó ṣí tàbí kò ṣí. Nínú ìgbà 20, ìgbà 7 ni kò ṣí. Tẹ́lẹ̀, èmi máa ń sọ pé kì í ṣí rárá, Mọ́mì máa ń sọ pé ó ń ṣí dáadáa. Àwa méjèèjì la ò sọ òótọ́.

Dádì wá kọ́ wa pé tí ojú ẹ̀ bá dúdú, ká má tíì pa á. Ká di Ctrl àti Alt mú, ká wá tẹ F3. A ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì béèrè orúkọ àti password, lẹ́tà lásán, láìsí àwòrán kankan. Àṣé kò kú! Ojú ẹ̀ nìkan ni kò là. Dádì ní ká tẹ:

sudo systemctl restart lightdm

LightDM ni ètò tó máa ń gbé ojú ìwọlé jáde. Bí a ṣe tẹ Enter báyìí, ojú ìwọlé yọ! Àbúrò mi wá béèrè ìbéèrè kan tí èmi ò ronú kàn: "Tó bá jẹ́ pé ó ti bàjẹ́, kí ló dé tó fi ṣiṣẹ́ nígbà kejì?"

Kọ̀ǹpútà máa ń kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Tí ẹ bá tẹ journalctl -b, ẹ ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí ẹ tàn án, pẹ̀lú aago ọ̀kọ̀ọ̀kan. A gbé ti ọjọ́ tó ṣí àti ti ọjọ́ tí kò ṣí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní ọjọ́ tó ṣí, ètò tó ń darí àwòrán, tí wọ́n ń pè ní graphics driver, ló kọ́kọ́ dìde, kí LightDM tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ tí kò ṣí, LightDM ló kọ́kọ́ dé. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan!

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ẹ̀kọ́ wa ṣàpẹẹrẹ. Láàárọ̀ Sátidé, ẹnì kan ló máa ń mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wa dání. Tó bá ti dé ṣáájú wa, a ó wọlé, kò sí wàhálà. Tí àwa bá ṣáájú ẹ̀ dé, ìta la máa dúró sí nínú òtútù. Ṣùgbọ́n LightDM kò ní sùúrù bíi tiwa. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mélòó kan, kò sẹ́ni tó ṣí i, ó bá padà sílé.

Kí ló dé tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Dádì fúnra wọn ló rántí. Ní oṣù kìíní, wọ́n yọ hard disk àtijọ́, wọ́n fi SSD rọ́pò ẹ̀ kí ẹ̀rọ lè yára. Ó yára lóòótọ́. Ó yára débi pé LightDM ń ṣáájú ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání dé.

Àtúnṣe ẹ̀ kò ju ìlà kan lọ. A kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì /etc/lightdm/lightdm.conf pamọ́, bóyá a máa ṣàṣìṣe. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ [LightDM], a kọ:

logind-check-graphical=true

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kí LightDM dúró títí ètò àwòrán á fi ṣetán. A pa ẹ̀rọ, a tún un tàn, ó ṣí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó, àbúrò mi ní, "Dúró ná. Ṣebí ó máa ń ṣí nígbà mìíràn tẹ́lẹ̀ náà." Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ kan kò tó láti fi mọ̀. A ń tàn án, a ń kọ ọ́ sílẹ̀, títí ó fi pé ìgbà 30. Kò kọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ bá a ní yàrá ẹ̀. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò ní ẹ̀rí kankan tí mo fi pe orúkọ ẹ." Dádì náà wọlé, wọ́n ní èmi rojọ́, àwọn sì dá a láì gbọ́ tẹnu ẹ̀. Àbúrò mi ní, "Ó ti tán, Sístà mi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa kọ́kọ́ lò ó lọ́la o."

Nílé ẹ̀kọ́ wa yìí ni mo ti kọ́ òwe pé, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Mo rò pé àwọn ọba àti àwọn adájọ́ ni wọ́n ń bá wí. Mi ò mọ̀ pé ó kan èmi tí mo gbé ẹjọ́ lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí nǹkan kan bá ń ṣiṣẹ́ lónìí tó kọ̀ lọ́la, ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni.