Káfíńtà tó fẹ́ lọ bá ìyàwó rẹ̀ nílùú ọba: àyẹ̀wò físà tú àṣírí ikọ́

Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa gbà. Káfíńtà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ọjà pákó Bódìjà ní Ìbàdàn mọ òwe yìí dáadáa, torí igi niṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ìrókò hù sí òun fúnra rẹ̀ láyà, kò pẹ̀ka rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ní kó lọ ṣe kó tó gba físà ló jẹ́ kó mọ bí igi náà ti ga tó.

Bàbá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ ọsibítù ló gbé obìnrin náà lọ sí ìlú ọba lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Àdéhùn wọn ni pé bó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọkọ àti àwọn ìbejì, ọmọ ọdún méje, á lọ bá a níbẹ̀. Ìpè tí wọ́n ń retí dé lóṣù Kẹrin ọdún 2023.

"Bàbá Ìbejì, owó físà ti pé o! Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò àyà l'Ékòó, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ. Láìsí ìwé ẹ̀, asán ni gbogbo ìwé yòókù."

Ó yẹ kí inú ọkùnrin náà dùn, àmọ́ ńṣe lara rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń húkọ́. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní lẹ́búlẹ́bú pákó ni. Ó ti mu àgbo, ó ti lá oyin, ó ti jẹ orógbó, ó ti ra oògùn ikọ́ onígò ní kẹ́míìsì, ikọ́ ò gbọ́. Lóru, aṣọ tó fi ń sùn á rin gbingbin fún òógùn. Ṣòkòtò tó ṣe é ní wíwọ̀ nígbà Kérésìmesì ti ń yọ́ bọ́ nídìí rẹ̀. Bí ìyàwó bá pè é lórí fóònù, tí ikọ́ fẹ́ gbé e, á sáré ní, "Kọ́sítọ́mà dé o," á sì pa fóònù. Nọ́ọ̀sì lobìnrin náà. Bó bá gbọ́ ikọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ á bẹ́.

Kí tiẹ̀ ni àyẹ̀wò ọ̀hún? Ìjọba ìlú ọba ló ṣòfin pé ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè míì tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ́pọ̀ bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wọn ju oṣù mẹ́fà lọ, ó gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí wá pé ikọ́ náà kò sí nínú ẹ̀dọ̀fóró òun. Ìyá tó kàn fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun fún oṣù mẹ́ta kò nílò rẹ̀. Kì í sì í ṣe ọsibítù tó bá wu èèyàn ló ti lè ṣe é. Ilé àyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ni. L'Ékòó àti l'Ábújá, àjọ IOM tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn arìnrìn-àjò káàkiri àgbáyé ló ń ṣe é.

Bàbá Ìbejì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ bíríkìlà. Ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn lo wá ń dà láàmú? Ṣebí o ní àbúrò, ojú yín sì jọra. Rán an lọ kó lọ ya ẹ́síréè lórúkọ rẹ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ọmọkùnrin kan wà tó ń bá èèyàn ṣe ìwé. Owó ni."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbá Ìbejì létí. Ó ti gba owó ìdajì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfápákó rẹ̀. Ó ti sọ fún onílé pé òun ò ní san owó ọdún tó ń bọ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ padà sẹ́yìn láti ibi tó dé yẹn? Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ tó ń ta ata ní Bódìjà, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Ìyá Alátà ò pariwo. Ó ń ṣa ata tó ti bàjẹ́ kúrò lára èyí tó dáa, ó ní, "Ọmọ mi, bí àbúrò rẹ bá bá ọ ya fọ́tò àyà, ṣé òun náà ló máa bá ọ mí bó o bá dé ọ̀hún? Ata kan tó rà nínú apẹ̀rẹ̀, bí wọn ò bá tètè yọ ọ́, gbogbo apẹ̀rẹ̀ ló ń bá a lọ. Àwọn ọmọ yẹn ń sùn ti ọ́ lálaalẹ́ o."

Bàbá Ìbejì ò lè dáhùn. Ó dáa tí kò gba ti bíríkìlà, torí páàsìpọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń wo ojú èèyàn nílé àyẹ̀wò, fọ́tò oníkálukú ló sì ń wà lára ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tí ìlú ọba bá ká ìwé èké mọ́ lọ́wọ́, wọ́n lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mẹ́wàá gbáko.

Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, òun àtàwọn ìbejì wọ mọ́tò ní Ìwó Róòdù kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ilé àyẹ̀wò l'Ékòó, èrò ti pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, ọkọ àti ìyàwó wà níbẹ̀, aboyún kan náà wà níbẹ̀. Wọ́n sọ fún aboyún yẹn pé ó lè fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe àyẹ̀wò dípò ẹ́síréè, tàbí kó dúró dìgbà tó bá bímọ, tàbí kó yà á kí wọ́n fi nǹkan bo ikùn rẹ̀. Òun ni yóò yan èyí tó bá fẹ́.

Àwọn ìbejì ò ya ẹ́síréè rárá. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mọ́kànlá kì í sábà yà á. Dókítà kàn bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò. Ó wá kan bàbá wọn. Wọ́n ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kó bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, kó gbé àyà lé pátákó kan tó tutù. "Mí sínú. Dá a dúró." Kó tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Ohun tó ń sá fún láti oṣù mẹ́ta kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Àmọ́ wọn ò pè é kó wá gba ìwé. Dókítà ló pè é wọlé. Ó ní, "Bàbá, nǹkan kan wà lókè ẹ̀dọ̀fóró yín lápá ọ̀tún tí kò hàn dáadáa. A ò tíì lè sọ pé ohun báyìí ni. Ẹ máa fún wa ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta léra wọn. A máa gbìn ín wò bóyá kòkòrò á hù níbẹ̀. Ìyẹn lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fẹ́ gbé e mọ́. Ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Muṣin ni wọ́n sùn. Láràárọ̀, kó tó fẹnu kan nǹkan kan, á lọ síbẹ̀ lọ húkọ́ jinlẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà sínú ike kékeré kan. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó pe ìyàwó rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí ikọ́ gbé e, kò pa fóònù. Ó hú u tán.

Obìnrin náà dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá Ìbejì, ikọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni mò ń tọ́jú níbí tọ̀sán tòru. Tiyín lẹ wá fi pamọ́ fún mi?"

"Ẹ̀rù bà mí ni, Ìyá Ìbejì. Mo rò pé èmi ni màá ba nǹkan jẹ́."

"Kò tíì bàjẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lóògùn. Ẹ kàn má ṣe fi nǹkan kan pamọ́ fún mi mọ́."

Lóṣù Keje, èsì dé: ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Wọ́n kọ ìwé fún un pé kó lọ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ó mú un lọ sí ọsibítù àyà tó wà ní Jẹ́ríkọ̀, ní Ìbàdàn. Ó ti ń ro iye tí oògùn oṣù mẹ́fà á jẹ, ó ti ń wò ó bóyá kí òun kúkú ta ẹ̀rọ kejì. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló wo ojú rẹ̀, tó sì sọ pé, "Ọ̀fẹ́ ni o. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba."

Oṣù méjì àkọ́kọ́, oríṣi oògùn mẹ́rin ló ń lò pọ̀. Oṣù mẹ́rin tó kù, ó di méjì. Ìyá Alátà ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń ṣọ́ ọ kó gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Nígbà tí ìtọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n bí omi òdòdó, ó figbe ta, kí wọ́n tó sọ fún un pé oògùn náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òógùn òru dá. Ikọ́ rọlẹ̀. Ó tún ń jẹ àmàlà bíi ti àtijọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa oògùn tì, tí wọ́n á ní ara ti yá, tí kòkòrò tó kù á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Alátà ò gbà fún un. Kó tó lọ sọ́jà láàárọ̀, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn: "Lanu kí n rí i."

Kì í ṣe òun nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n ní kí gbogbo ará ilé àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá ṣe àyẹ̀wò. Ara Ìyá Alátà le. Wọ́n fún àwọn ìbejì ní oògùn ìdènà. Àmọ́ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, wọ́n bá a lára ọ̀kan, ọmọkùnrin tó máa ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí Bàbá Ìbejì gbọ́, ó jókòó lórí pákó, ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní kí ọmọ náà forí ji òun.

Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká jọ máa lo oògùn wa."

Ojú àwọn èèyàn náà tún wà ńbẹ̀. Obìnrin kan nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Kọ́sítọ́mà kan wá gba owó àga rẹ̀ padà. Wọn ò mọ̀ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í ti ara ife tàbí abọ́ ranni, kì í sì í ti ara bíbọwọ́ ranni. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà, bí ẹni tó ní in bá húkọ́ tàbí tó sín nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ti pa. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, láìpẹ́ kò ní lè kó o ran ẹlòmíì mọ́.

Lóṣù Kìíní ọdún 2024, ó lo oògùn tán. Lóṣù Kejì, ó padà lọ sí Èkó. Ẹ́síréè, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ míì. Lóṣù Kẹrin, wọ́n pè é. Ìwé ẹ̀rí náà ò ju tákàdá kan lọ, oṣù mẹ́fà péré ló sì máa ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ya ẹ́síréè. Ó dì í mú bí ẹni di ọmọ tuntun mú. Gbogbo ìwé yòókù yára lẹ́yìn ìyẹn. Lóṣù Kẹfà, òun àtàwọn ìbejì wọ ọkọ̀ òfúrufú. Wọ́n ní nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rí i, orí àyà rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé etí lé.

Ọmọ iṣẹ́ tó bá a lo oògùn ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù. Ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá. Ẹ̀rọ ìfápákó ṣì wà níbẹ̀, torí Bàbá Ìbejì dá owó ìdajì padà fún olówó, ó sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọmọ náà.

Ìyá Alátà ò kúrò ní Bódìjà. Bí kọ́sítọ́mà bá dúró níwájú ata rẹ̀, tó ń húkọ́, ìyá á bi í léèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ní ó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tó ní eruku ni, tó ní ata ni, ìyá á gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀.

"Lọ sí ọsibítù ìjọba kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ wò. Àbí físà lo ń dúró dè ni?"