Ẹ̀rọ Tó Ń Kùn Tí Kò Dìde

Ní oṣù Èrèlé, mo lọ kí ìyá mi ní Àjọwá-Àkókó. Omi wà nínú kànga wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń fà á sínú táǹkì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Bí a bá tan iná sí i, yóò kàn máa kùn bí agbo oyin ni. Kò ní yí. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí Màmá, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ti ń fi okùn àti garawa fa omi. Wọn kò sọ fún mi lórí fóònù.

Mo ní ẹ̀rọ ti jóná, kí a ra òmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ iná tí a pè fèsì pé, "Ẹ ní sùúrù, Tíṣà. Kíkùn yẹn fi hàn pé iná ń dé ibẹ̀. Ohun tí yóò tì í dìde ni kò sí." Ó wọn agbára iná, ó pé. Ó pa iná, ó fi ọwọ́ yí ọ̀pá ẹ̀rọ náà; ó yí wẹ́rẹ́, kò há rárá. Ó wá ku kapásítọ̀, èyí tí ń fún mọ́tò ní ìtìsókè àkọ́kọ́. Ó ti wú. Mo nawọ́ sí i, ó yára dá mi dúró: a lè pa iná tán, kí iná ṣì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Òmíràn tí òǹkà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu ni ó fi rọ́pò rẹ̀.

Ọdún mélòó ni mo ti ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé Yorùbá kò tíì ní èdè ìmọ̀ iná! ("Tì í dìde": n kò rí i nínú ìwé atúmọ̀ kankan tí mo ní.)

Omi dé táǹkì. Màmá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ká okùn wọn, wọ́n fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn.