Àmì Pupa Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwòrán

Oòrùn ṣì wà ní àtàrí nígbà tí mo wọ Gálárì Nike ní Lẹ́kí. Iṣẹ́ ọnà kún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà débi pé ara ògiri ò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Wọ́n fẹ́ ṣí àfihàn tuntun nísàlẹ̀, àmọ́ ibi aṣọ ni ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ gbà lọ. Màmá Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye tó ni gálárì náà, tí wọ́n bí ní 1951, ilé ló ti kọ́ iṣẹ́ aró, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Mo dúró pẹ́ níwájú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kì í mu aró. Mo sún mọ́ ọn títí mo fi rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn gbọọrọgbọọrọ, ṣíbí láàárín wọn, àti ibì kan tí ìyẹ́ ti yẹ̀ lọ́wọ́ aládìrẹ tí ìlà sì wọ́ díẹ̀. Orúkọ ẹni tó yà á ò sí níbẹ̀.

Mo gba orí afárá bọ́ sí Ìkòyí. Ní gálárì kékeré kan níbẹ̀, ọmọbìnrin kan ń ṣe àfihàn rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló gé wẹ́wẹ́, tó rán pọ̀ di aṣọ ńlá kan tó bo ògiri. Ọ̀nà tí oníṣẹ́ ọnà El Anatsui ti fi ìdérí ìgò là ló ń tọ̀, kò sì fi pa mọ́.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ fọwọ́ kàn án, kò sí wàhálà."

"Ìwọ nìkan lo rán gbogbo èyí?"

"Rárá, mà. Èmi àti ìyá àgbà ni. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ọwọ́ wọn ṣì mọ̀ ọ́n."

N kò tíì mu sóbò mi tán tí wọ́n fi lẹ àmì pupa roboto sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹnì kan ti rà á. Inú mi dùn fún ọmọ náà gan-an, nítorí owó ilé àti owó òwú ń bẹ nínú àmì yẹn. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Bí àfihàn bá parí, pálọ̀ ẹnì kan ni iṣẹ́ náà ń lọ, ó sì lè má jáde síta mọ́. Ọmọọba Yẹmisí Shyllon kó ẹgbẹ̀rún kan iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ fún Yunifásítì Pan-Atlantic, wọ́n sì ṣí mùsíọ́ọ̀mù síbẹ̀ ní 2019 kí ará ìlú lè rí wọn. Irú ẹ̀ ò pọ̀ tó.

Ohun tó gbé mi gba afárá Third Mainland lọ sí Yábàá nìyẹn, sí CCA, ibùdó iṣẹ́ ọnà òde òní tí Bísí Silva dá sílẹ̀ ní 2007. Olóògbé náà, tó fi wá sílẹ̀ ní 2019, mọ̀ pé àfihàn máa ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ó wá kó ìwé jọ: ìwé àfihàn, ìwé ìròyìn, ìwé nípa àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Yabatech jókòó ti àwòrán ayàwòrán Yusuf Grillo nínú ìwé kan, ó ń gbìyànjú láti po irú búlúù rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí iṣẹ́ wọn lójúkorojú rí, mà?"

Mo ní kó lọ wo fèrèsé gíláàsì aláràbarà tí Grillo ṣe fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, pé kò sẹ́ni tó máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ẹsẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo fún olùtọ́jú ìwé ní ìwé pélébé àfihàn tí mo gbà ní Ìkòyí, tí ọmọbìnrin náà ti bá mi fi bíírò kọ orúkọ ìyá àgbà sí lábẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin onígálárì Èkó, mo bẹ̀ yín, ẹ máa fi ẹ̀dà ìwé àfihàn yín ránṣẹ́ sí Yábàá, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ náà sínú rẹ̀.