Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ju pé ẹni tí ó dé ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ lè wo òkè, kí ó wo odò, kí ó sì wo ọjà, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí ó wò, àfi bí onílé bá là á yé e. Ṣùgbọ́n apá kan kù nínú ọ̀rọ̀ náà tí òwe kò mẹ́nu bà. Kí ni a ó ti wí nípa onílé tí ó ní ojú, tí òun pẹ̀lú kò fi ríran?

Ìbéèrè yìí ni ó gba olùkọ́ èdè Yorùbá kan lọ́kàn ní ìlú Ìsẹ́yìn. Olùkọ́ náà kì í ṣe ọmọ Òkè-Ògùn. Iṣẹ́ ni ó gbé e dé ibẹ̀. Ní sáà àkọ́kọ́ tí ó lò, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá kọ àròkọ lórí ibì kan tí wọ́n ti ṣe àbẹ̀wò sí. Nígbà tí ó ń yẹ ìwé wọn wò, ó rí i pé etíkun Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn kọ nípa rẹ̀, àwọn mìíràn kọ nípa ọgbà ẹranko ní Ìbàdàn, ẹnì kan tilẹ̀ kọ nípa Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbì òkun tí ó ń ru nínú ìwé ẹni kìíní kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ń ru nínú ìwé ẹni kejì. Ó hàn gbangba pé inú ìwé àkàkọ́gbọ́n ni wọ́n ti pọn omi òkun náà. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó kọ nípa Adó-Àwáyè, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ kò ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ sí Ìsẹ́yìn. Nígbà tí olùkọ́ bi wọ́n léèrè iye àwọn tí wọ́n ti gun òkè náà rí, ọwọ́ tí ó nà sókè kò pọ̀. Kò bá wọn wí. Ó kàn sọ fún wọn pé Sátidé mẹ́ta ni wọn yóò fi mọ ilé baba wọn.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, wọn kò wọ ọkọ̀ rárá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé agbo ilé àwọn ahunṣọ, nítorí pé aṣọ òfì ni a fi mọ Ìsẹ́yìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí kò bá rí òfì rí, ohun tí yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni bí iwájú ahunṣọ ti gùn tó. Òwú tí ó ta sílẹ̀ yóò nà lọ síwájú rẹ̀ bí ẹni pé kò ní òpin; ohun wúwo kan ni a so mọ́ ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ti ń gùn sí i. Ẹsẹ̀ ahunṣọ ń tẹ̀ nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń ju igi kékeré tí ó gbé òwú sínú láti ọ̀tún sí òsì, láti òsì sí ọ̀tún. Aṣọ tí ń jáde kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni a óò gé, tí a óò tò ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a óò rán pọ̀, kí ó tó di agbádá tàbí ìró.

Ọmọkùnrin kan wà láàrin wọn tí kì í la ẹnu ní kíláàsì. Ilé ahunṣọ ni wọ́n bí i sí. Ní ọjọ́ náà, òun ni ó di olùkọ́. Ó ṣàlàyé pé inú aró ni a ti ń pa òwú ẹtù láró títí yóò fi dúdú bí ojú ọ̀run òru. Pé inú ìtẹ́ kòkòrò kan tí ń gbé inú igbó ni a ti ń rí òwú sányán, tí àwọ̀ rẹ̀ fi jọ àwọ̀ ilẹ̀. Pé àlàárì ni aṣọ pupa tí àwọn ọlọ́lá fi ń yan. Ó fi kún un pé òwú ilé-iṣẹ́ aláwọ̀ dídán ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ ń lò nísinsìnyí, nítorí pé ó yá, ó sì wọ́pọ̀. Olùkọ́ dákẹ́, ó ń gbọ́. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń ka orúkọ àwọn aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ewì, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni ó tó fi ọwọ́ kàn wọ́n.

Adó-Àwáyè ni ó kàn. Kí ènìyàn tó dé ìlú náà ni yóò ti máa wo òkè àpáta tí ó dúró lé e lórí. Àtẹ̀gùn tí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe ni a fi ń gòkè, ó sì lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ẹni tí ó bá fẹ́ gùn ún, kí ó tètè jí, kí oòrùn tó mú. Kí ó wọ bàtà tí kì í yọ̀, kí ó gbé omi dání. Bí òjò bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí ó ní sùúrù, nítorí àpáta tútù kò mọ ọmọ ọlọ́lá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó gba àyè lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, kí ó sì mú afinimọ̀nà dání. Aláàdó ni ọba ìlú náà, òkè náà kì í sì í ṣe òkè lásán lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ayé ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú orí òkè bẹ́ẹ̀ ni odi fún ọ̀pọ̀ ìlú ní Òkè-Ògùn.

Lórí òkè náà ni Ìyákè wà, adágún omi tí àpáta gbé pọ̀n. Níbẹ̀ ni òkúta Ìṣàgè pẹ̀lú wà, tí ó dúró bí ẹni pé atẹ́gùn lè bì í ṣubú, tí kò sì ṣubú; ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti ń tọrọ òjò nígbà ọ̀dá. Ibì kan sì tún wà tí wọ́n sọ ní Ẹsẹ̀-kan-ayé-ẹsẹ̀-kan-ọ̀run. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí kí ó tó dé ibẹ̀, yóò wo ibi tí ó ń gbé ẹsẹ̀ sí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí Ìyákè ká, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, nítorí èèwọ̀ ni. Ọmọbìnrin kan bi bàbá àgbàlagbà tí ó mú wọn gòkè léèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé omi yìí kò ní ìsàlẹ̀?” Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi kò wọ̀ ọ́ wò. Ẹni tí ó ní kí á má wọ̀ ọ́ kò fẹ́ kí á rì ni.” Ẹlòmíràn ní òun gbọ́ pé méjì péré ni irú adágún bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Lóòótọ́ ni adágún kan wà lórí òkè níbẹ̀ tí a ń pè ní Hanging Lake, ṣùgbọ́n omi tí ń já láti ara àpáta ni ó ń bọ́ ọ. Olùkọ́ sọ fún wọn pé ìbáà ṣe méjì ni wọ́n, ìbáà ṣe ogún, kì í ṣe iye ni iyì Ìyákè. Iyì rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn kan mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ èèwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì lè sọ ọ́ fún ọmọ wọn.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ireland, erékùṣù olókùúta kan wà láàrin òkun tí a ń pè ní Skellig Michael. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn ẹlẹ́sìn Kírísítì kan ti lọ ń dá gbé ibẹ̀, tí wọ́n to òkúta di ilé, tí wọ́n sì ṣe àtẹ̀gùn olókùúta tí ó lé ní 600. Ní ọdún 1996 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àjọni gbogbo ayé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá wù ni ó ń gun ibẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tí ó gba ìwé àṣẹ nìkan ni ó ń gbé ènìyàn lọ. Àkókò kan nínú ọdún ni. Iye ènìyàn tí yóò gòkè lóòjọ́ sì ní gbèdéke. Bí àlejò bá dé ibẹ̀, yóò bá àwọn afinimọ̀nà tí wọn yóò sọ ìtàn fún un. Àwọn ará etíkun náà ń jẹ lára àlejò, wọn kò sì jẹ́ kí àlejò jẹ òkúta náà tán. Ohun tí ó yẹ kí á kọ́ lára wọn nìyẹn, kì í ṣe kí á máa ṣe ìlara òkun wọn.

Ìsédò Ìkẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi parí Sátidé kẹta. Ayé ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìsédò yìí lórí odò Ògùn, kí ó lè pèsè iná mànàmáná, omi mímu, àti omi tí a ó fi máa rin oko ní ẹ̀ẹ̀rùn. Omi kún, ó tẹ́ lọ rẹrẹ láàrin àwọn òkè. Àwọn apẹja ń na àwọ̀n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, iná tí a ṣèlérí kò tàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo omi náà pẹ́. Ibẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ a máa bi ènìyàn ní ìbéèrè, ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sì wúlò nínú àròkọ ju ìyìn lásán lọ.

Ibi tí ó jìnnà sí i kò ṣeé fi ọjọ́ kan rìn tán: òkè Àṣàbàrí ní Ṣakí, Ìgbòho, níbi tí àwọn Aláàfin kan ti jọba, tí wọ́n sì sùn sí, àti ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó fún àwọn ọmọ ní orí ọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò, ẹ mú wọn rìn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, olùyẹ̀wé ti ka ìgbì òkun Èkó títí ó fi sú u. Òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé yín ni kò tíì kà nípa rẹ̀. Ẹ gùn ún, ẹ bi àgbà léèrè orúkọ rẹ̀ àti ìdí tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Sìmẹ́ǹtì tí ó bá fọ́ lára àtẹ̀gùn Adó-Àwáyè, bíríkìlà lè tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí àwọn bàbá tí wọ́n mọ orúkọ òkúta kọ̀ọ̀kan bá lọ tán láìjẹ́ pé ẹnì kan gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kò sí bíríkìlà tí yóò tún ìyẹn ṣe.