Ariwo Tuntun Lẹ́yìn Àtúnṣe

Bí a bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ohun tí a ń retí ni pé kí ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọkọ̀ a jáde, ariwo tí kò pa rí a sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a yí rédíò sókè kí wọ́n má baà gbọ́ ọ. Àwọn mìíràn a ní ọ̀tá ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn àgbà wa sì ti wí pé bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ìdílé wa. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mẹkáníìkì pààrọ̀ páàdì bíréèkì ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ti ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, a gbọ́ “kọ̀, kọ̀, kọ̀.” Ọmọ wa kejì ní, “Dádì, apá òsì níbí ló ti ń dún.” Bẹ́ẹ̀ ni ó ku ọ̀la kí gbogbo wa gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó tó nǹkan bí kìlómítà 127, lọ síbi ìdúpẹ́ ìyá wa.

Nígbà tí a délé, a gbàdúrà, a sì fetí sílẹ̀. A jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró: ariwo náà kò sí. A wa ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ọgbà: bí táyà ti ń yí ni ó ń dún. A yọ jíà sí fíríì, kò dákẹ́. A rọra tẹ bíréèkì, kò yí padà. Ó hàn sí wa pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ohun tí ọwọ́ kàn kẹ́yìn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. A kò wa ọkọ̀ náà mọ́. A ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì wá sílé.

Nínú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó di táyà òsì mú, mẹ́ta ni ọwọ́ lásán ń yí. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló fi ọwọ́ wé wọn nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, ni ẹnìkan bá pè é lọ. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Olúwa ló yọ mí.” A kò bú u. Ó yẹ irin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀ wò, ó sọ táyà kalẹ̀, ó sì dì wọ́n pinpin ní ìkọjúsíra. Ó ní bí a bá ti rin bí 80 kìlómítà, kí a tún wọn dì. A dé Ìbàdàn ní àlàáfíà. Ògo ni fún Ọlọ́run.

Kì í ṣe gbogbo ariwo ni ewu. Páàdì tuntun lè han díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá ń han kìkì nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ wo fánbẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ń ṣe “kà, kà, kà” nígbà tí a bá ṣẹ́ kọ́nà pátápátá, ẹ wo orí ṣáàfù. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń kan gbà-gbà, tàbí irin ń ha irin, tàbí sítíárìn ń gbọ̀n, ẹ má ṣe rìnrìn àjò.

Nehemáyà gbàdúrà, ó sì tún yan ẹ̀ṣọ́ (Nehemáyà 4:9). Àdúrà kò ní kí a di etí. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ilé: bí a bá ti parí ìjà, tí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́, ariwo tuntun nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀ béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ìfẹ́ wá ìdí rẹ̀.

Olúwa yóò fún wa ní etí ìgbọ́, ẹsẹ̀ wa kò sì ní yẹ̀ lójú ọ̀nà. Àmín.