Ẹ Rọra Dán An: Ìròyìn Láti Àpò, Àbújá

Bí ọyẹ́ bá dé sí Àbújá, eruku Sàhárà a bo gbogbo ọkọ̀. Ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún á fi eruku náà ha ọ̀dà. Ìyẹn ló ń gbé ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí abúlé mẹkáníìkì tó wà ní Àpò.

Níbẹ̀, láàárín ariwo òòlù àti òórùn ọ̀dà, ẹ ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ìdánkọ̀ ń kùn. Ẹ wo ohun tí wọ́n so mọ́ ẹnu rẹ̀. Irun àgùntàn máa ń jẹ ọ̀dà gan-an. Fóòmù rírọ̀ kì í jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi fóòmù rírọ̀ dán ibi kékeré kan wò. Kí ẹ̀rọ máa yí ní nǹkan bí ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan láti tẹ́ pọ́líìṣì, kó tó lọ sí 1,200. Ní etí ilẹ̀kùn, eré àsápajúdé lè jó ọ̀dà.

Bí èékánná bá há sínú ìlà kan, ó ti jìn ju ohun tí ẹ̀rọ lè pa rẹ́ lọ. Ìpele dídán tó wà lórí ọ̀dà tín-ín-rín ju irun orí lọ. Èyí tó bá ti lọ kì í padà, àfi kí a tún ọkọ̀ kùn. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì lè bá a lọ.